Ilẹ̀ ìlú wa kò ní ìwé, iléeṣẹ́ kan sì fẹ́ rà á: orúkọ ta ni kí a kọ sí i?

Àgbẹ̀_ÒkèÒgùn
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gbé mi wá.

Abúlé wa wà lápá Òkè-Ògùn. Láyé àwọn bàbá wa àgbà, ìdílé mẹ́ta yọ̀ǹda nínú ilẹ̀ wọn fún ìlú. Orí ilẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni a ti ń ná ọjà ọrọọrún, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń yan gààrí. Ìyókù jẹ́ oko. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ á sọ fún baálẹ̀, á sì dáko síbẹ̀. Ó tó ọgọ́ta ékà. Kò sí ìwé kankan lórí rẹ̀. Àwọn tó yọ̀ǹda rẹ̀ ti kú, àwọn tó ṣe ẹlẹ́rìí náà ti kú.

Láti ìparí ọdún tó kọjá ni iléeṣẹ́ kan ti ń wá. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbìn. Wọ́n ní kí á ta gbogbo rẹ̀ fún àwọn, àwọn yóò san owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọ̀kan nínú ìdílé mẹ́ta yẹn, àwọn ọmọ tó wà ní Èkó ti ń sọ pé ilẹ̀ bàbá àwọn ni, pé yíyọ̀ǹda kì í ṣe títà. Baálẹ̀ wa ti dàgbà, wọn kò fẹ́ ìjà. Àwa ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè fẹ́ kí ilẹ̀ náà dúró fún ìlú. Tí iléeṣẹ́ náà bá fẹ́, kí á yá wọn ní apá kan, kí owó máa wọlé lọ́dọọdún fún kànga, fún òrùlé ilé ẹ̀kọ́, fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí a bá fi lọ̀ ló ń bi wá pé: orúkọ ta ni ẹ fẹ́ kọ sórí ìwé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Olóko_Yewa
Ẹ má tà á o. Lọ́dọ̀ wa níbí, wọ́n ta ilẹ̀ ọjà àtijọ́, owó náà tán kí òjò ọdún kejì tó rọ̀, ọjà ò sì rí ibi jókòó sí mọ́. Kí àwọn tó mọ òfin wí tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ tètè pe sọ́fèyọ̀ kí ó wọn ilẹ̀ náà, kí ajàgùngbalẹ̀ má baà bá yín wọ̀n ọ́n.

Lọ́yà_Mọ̀kọ́lá
Àbúrò, ẹ kú ìtọ́jú ìlú. Ẹjọ́ ilẹ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi ní Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà kí ó máa bá ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ abala 36 sọ pé ẹni tó ti ń lo ilẹ̀ ìgbèríko kí òfin náà tó dé yóò máa lò ó lọ, bí ẹni pé ìjọba ìbílẹ̀ ló fún un ní ẹ̀tọ́. Nítorí náà ẹ̀tọ́ yín kò kú nítorí pé kò sí ìwé. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe ìwé lè sọ pé òun ló ni ín, kí ẹ̀yin wá máa sáré kóòtù lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ Èkó, ká tilẹ̀ ní ilẹ̀ ẹbí ni, ẹnì kan kò lè dá a tà. Kóòtù ti yanjú èyí láti ọdún 1959 nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika. Tí olórí ẹbí bá tà á láìfi ti àwọn àgbà ìdí igi kọ̀ọ̀kan ṣe, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé títà náà. Tí àwọn yẹn bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò dúró rárá. Ilẹ̀ tí wọ́n wá yọ̀ǹda ní gbangba, tí ìlú kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá wọn du fún ìran méjì, yóò ṣòro fún ọmọ ẹbí kan láti gbà á padà.

Ẹ fojú sí abala 29 náà. Tí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbogbòò, owó gbà-má-bínú wà fún ilé àti irè oko. Ní ti ilẹ̀ gan-an, kò ju owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún yẹn lọ. Tó bá jẹ́ ìlú ni owó náà tọ́ sí, gómìnà lè ní kí wọ́n san án fún ìlú, tàbí fún olórí ìlú kí ó ná an fún ìlú, tàbí kí wọ́n kó o sínú àpò kan tí gómìnà bá yàn. Ìlú tí kò ní ẹgbẹ́ tí òfin mọ̀, ọwọ́ ẹnì kan ni owó náà máa ń bọ́ sí.

Ìdáhùn mi: ẹ má kọ orúkọ baálẹ̀, ẹ má kọ orúkọ alága. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ apá F òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020 tí wọ́n ń pè ní CAMA. Apá yẹn wà fún àwọn ẹgbẹ́ tó ní alágbàtọ́, ìyẹn àwọn tí ẹgbẹ́ yàn láti máa bá a tọ́jú dúkìá rẹ̀. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ní ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ó lè pe ẹjọ́, kì í sì í bá alága kú. Lẹ́yìn náà kí ìdílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, olórí ẹbí pẹ̀lú àwọn àgbà ìdí igi, buwọ́ lu ìwé pé àwọn fi ẹ̀tọ́ náà fún ẹgbẹ́, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀dọ́_Ìsẹ́yìn
Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, èmi ò gbà. Igbó ló pọ̀ jù nínú ọgọ́ta ékà yẹn. Àwa ọ̀dọ́ ń gun ọ̀kadà kiri Ìbàdàn torí pé kò sí owó tí a máa fi ro oko. Tí ìlú bá gba owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, a lè ra tirakítọ̀, a lè yá àwọn tó fẹ́ dáko lówó. Ẹgbẹ́ tí ẹ sì ń wí yìí, àwọn àgbà náà ni yóò jókòó síbẹ̀. Ní ìlú tiwa, ẹgbẹ́ wà, akọ̀wé nìkan ló mọ iye tó wà ní báńkì. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyẹn àti kí baálẹ̀ mú ilẹ̀ sọ́wọ́?

Ìyá_Gààrí
Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ nípa akọ̀wé. Èmi náà ti rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ẹni tí títà yẹn máa kọ́kọ́ dùn.

Ìyàwó ilé ni mí ní abúlé tí mò ń gbé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ilẹ̀ ọkọ, kóòtù náà ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà. Ọmọ ló ń jogún. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré tàbí tí kò bí, ilẹ̀ ìlú nìkan ló kù tó lè gbin ẹ̀gẹ́ sí láìlọ bẹ àwọn àna rẹ̀. Lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ bá ra ilẹ̀ yẹn, wáyà ni wọn yóò kọ́kọ́ fà yí i ká. Odò tí a ti ń rẹ láfún á di inú ọgbà, igi ìdáná á di olè. Kò sí ẹni tó máa ka àwọn nǹkan wọ̀nyẹn mọ́ owó nígbà tí wọ́n bá ń dúnàádúrà.

Ní ti ìwé owó, àwa obìnrin ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwa. Òun la fi ra ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ní gbogbo ìpàdé, kí ẹnikẹ́ni tó dá owó tuntun, akápò á dìde, á ka iye tó wọlé, iye tó jáde, àti iye tó kù, sétí gbogbo wa. Ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́, ẹni tó mọ̀wé sì lè gba ìwé náà wò. Ìpàdé tí akápò kò bá wá, a kì í dá owó. Ẹ fi irú rẹ̀ sínú òfin ẹgbẹ́ yín. Kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin gbọ́dọ̀ wà lára àwọn alágbàtọ́, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ náà, kì í ṣe kí wọ́n kàn pe ìyálọ́jà wá ya fọ́tò.

Ará_Ṣakí_ní_Glasgow
Ẹ kú àsìkò yìí. Ọmọ Ṣakí ni mí, Scotland ni mò ń gbé, ọ̀rọ̀ yìí sì ni àwọn ará ìgbèríko ibí ti jà fún.

Níbí, ènìyàn díẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀. Olówó kan lè ra odidi erékùṣù, kí àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ sì jẹ́ ayálégbé rẹ̀. Ní 1993, àwọn àgbẹ̀ Assynt dá owó jọ, wọ́n tọrọ kún un, wọ́n sì fi 300,000 pọ́n-ùn ra ilẹ̀ tí wọ́n ń ro, ilẹ̀ tó lé ní 20,000 ékà. Ní 1997, àwọn ará erékùṣù Eigg, tí wọn ò ju nǹkan bí 65 lọ, ra erékùṣù náà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ pọ́n-ùn. Ọrẹ ló pọ̀ jù nínú owó yẹn. Orúkọ tó wà lórí ìwé ni ti ẹgbẹ́ alágbàtọ́ kan tí àwọn olùgbé, ìjọba ìbílẹ̀ Highland àti ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo ẹranko igbó jọ ní aṣojú nínú rẹ̀. Ní 2008 wọ́n tan iná mànàmáná tiwọn, láti ara omi, afẹ́fẹ́ àti oòrùn. Ilé kan kò gbọ́dọ̀ lo ju kílówáàtì 5 lọ lẹ́ẹ̀kan náà kí iná má baà kú mọ́ gbogbo ìlú lórí. Iye àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti lé ní 100 báyìí.

Ẹ̀yìn ìjà wọn ni òfin tó dé. Òfin ilẹ̀ ti 2003 jẹ́ kí ẹgbẹ́ ìgbèríko lè forúkọ sílẹ̀ láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi ilẹ̀ lọ̀ tí olówó bá fẹ́ tà á. Àpò owó kan wà tó ń jẹ́ Scottish Land Fund. Kì í ṣe owó ilẹ̀ nìkan ló ń fún ẹgbẹ́. Ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti san owó ẹni tó máa bá wọn yẹ ètò wò kí wọ́n tó rà, àti ti òṣìṣẹ́ tó máa bá wọn darí rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á tán. Èyí ló wù mí jù fún abúlé wa. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ń lọ oko ní aago mẹ́fà àárọ̀, ìgbà wo ni wọn yóò kọ lẹ́tà sí CAC?

Bàbá_Tíṣà
Ọmọ mi ní Glasgow, mo kí ọ. Ohun tí o sọ dára, àmọ́ kí á má gbàgbé ibi tí ọ̀nà ti yà. Àwọn wọ̀nyẹn ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ olówó. Tiwa wà lọ́wọ́ wa, àwọn baba wa sì jà kí ó tó wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ Apápá, Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, gbé ẹjọ́ náà títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, kóòtù tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, Herbert Macaulay sì bá wọn lọ. Ní 1921 àwọn adájọ́ dá wọn láre: lábẹ́ àṣà wa, ìlú àti ẹbí ló ni ilẹ̀, ìjọba kò sì lè gbà á kí ó má sanwó rẹ̀ fún wọn bí onílẹ̀.

Láyé yẹn náà ni Lord Leverhulme, ọlọ́ṣẹ, ra iléeṣẹ́ oníṣòwò Niger Company ní 1920. Ó fẹ́ kí ìjọba fún òun ní ilẹ̀ ńláńlá ní Nàìjíríà láti gbin ọ̀pẹ. Ìjọba Gómìnà Clifford kọ̀ fún un, wọ́n ní kí àgbẹ̀ máa gbin ọ̀pẹ tirẹ̀ lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ló ni erékùṣù Lewis ní Scotland nígbà yẹn. Ní 1923, nígbà tí ètò rẹ̀ níbẹ̀ forí ṣánpọ́n, ó ní òun fi ilẹ̀ náà ta àwọn ará ibẹ̀ lọ́rẹ. Àwọn kan kọ̀ ọ́. Àwọn ará Stornoway, ìlú tó tóbi jù ní erékùṣù náà, gbà á, ẹgbẹ́ alágbàtọ́ tí àwọn olùgbé ń dìbò yàn ló sì ń bójú tó o títí di òní, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Nítorí náà mi ò kọ ẹgbẹ́ alágbàtọ́. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ẹ dá a sílẹ̀ bí ẹni pé ìlú kò ní baálẹ̀, kò ní ẹbí. Ìwé CAC kò lè pàṣẹ fún ẹni tí kò bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ fún àwọn ìdílé mẹ́ta yẹn ní àyè nínú rẹ̀, kí baálẹ̀ sì wà níbẹ̀ láìbuwọ́ lu owó.

Ará_Ṣakí_ní_Glasgow
Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo gbà. Kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un. Erékùṣù Gigha ra ilẹ̀ tiwọn ní 2002 ní mílíọ̀nù 4 pọ́n-ùn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mẹ́ta dúró, owó ń wọlé, síbẹ̀ títún àwọn ilé tó ti bàjẹ́ ṣe kó wọn sí gbèsè ọlọ́dún púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ilẹ̀ ìlú dúró fún gbèsè ní báńkì.

Ọmọ_Ṣábẹ̀ẹ́
Mo kí gbogbo yín láti Ṣábẹ̀ẹ́, ilẹ̀ Benin. Ọ̀nà tí a fi ṣe é lọ́dọ̀ wa lè wúlò fún yín. Òfin ilẹ̀ ti 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, dá ìgbìmọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀ ní abúlé. Ṣáájú òfin yẹn ni wọ́n ti ń ṣe ohun tí a ń pè ní PFR. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ á bá olóko rìn yí oko rẹ̀ ká, pẹ̀lú gbogbo ẹni tó bá a pààlà. Tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán, wọ́n á fi àkọsílẹ̀ náà hàn ní gbangba ní abúlé, kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ wá rò ó kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ abúlé ni wọ́n ti ṣe é fún.

Ìrìn yẹn ṣe pàtàkì ju ìwé lọ. Àwọn àgbà tó mọ ààlà ń kú. Kí sọ́fèyọ̀ tó dé, ẹ kó àwọn tó kù jọ, ẹ bá wọn rìn ín, ẹ gbin pèrègún sí ààlà, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù.

Ọmọ_Alákòókó
Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti òkè, kò sí ẹni tó dárúkọ àwa tí a ń san ìṣákọ́lẹ̀. Bàbá bàbá mi ló wá gbin kòkó síbi tí mo wà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi náà sí. Tí wọ́n bá ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́, a máa ń dá owó. Tí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga, a máa ń gbẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé, wọ́n á ní kí àlejò jáde. Ìjà tí ọ̀rọ̀ yìí ti dá sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀mí ti bá a lọ. Ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ dá sílẹ̀ yìí, ṣé ọmọ ẹgbẹ́ ni a ó jẹ́ àbí ayálẹ̀?

Òṣìṣẹ́_Ìdàgbàsókè
Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn. Mo ti bá àwọn abúlé ṣiṣẹ́ lábẹ́ CSDP, ètò ìdàgbàsókè ìlú tí Báńkì Àgbáyé fi owó gbé, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Bí a ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyí. Ìlú á jókòó, á kọ ohun tó fẹ́, á yan ìgbìmọ̀. Ìlú á mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wá, ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ iyanrìn àti iṣẹ́ ọwọ́, ètò náà á sì san ìyókù sínú àkáǹtì ìlú. Níbi tí àlejò àti onílẹ̀ ti jọ wà nínú ìgbìmọ̀, wọ́n ń tún kànga náà ṣe tó bá bàjẹ́. Níbi tí onílẹ̀ nìkan ti ṣe ìgbìmọ̀, tí páǹpù bá ti kọṣẹ́, ó di tìrẹ-ni-tèmi-kọ́.

Nǹkan kan tún wà. Kò sí ètò tó máa fún yín lówó tí wọn kò ní béèrè ìwé ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ kọ́ nǹkan sí, ìwé ìpàdé, àti àkáǹtì tí ju ẹnì kan lọ ń buwọ́ lù. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ẹ ń sọ nípàdé sílẹ̀?

Àgbẹ̀_ÒkèÒgùn
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. A ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ka ọ̀rọ̀ yín sétí wọn. A ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìpàdé. Ìdílé méjì gbà pé àwọn yóò buwọ́ lùwé. Ìkẹta ò kọ̀, àmọ́ wọ́n ní kí orúkọ bàbá wọn má pa rẹ́. Lórí ọ̀rọ̀ àlejò, ariwo pọ̀ gan-an, a kò tíì parí rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn lè yá apá kan fún ọdún 25. Báwo ni kí a ṣe kọ ọ́?

Lọ́yà_Mọ̀kọ́lá
Ẹ kọ́kọ́ yọ ọjà, ilé ẹ̀kọ́, odò pẹ̀lú etí rẹ̀, àti ibi ìyangààrí kúrò nínú ohun tí ẹ fẹ́ yá wọn. Ẹ wọ̀n ọ́n sọ́tọ̀. Kí àdéhùn sọ pé ẹ ó máa tún iye owó ilẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, torí iye tó dára lónìí lè máà tó ra àpò sìmẹ́ńtì lọ́la. Kí ilé tí wọ́n bá kọ́ di ti ìlú tí ọdún bá pé. Kí wọ́n má lè yá ẹlòmíràn láìgba àṣẹ yín.

Ìdílé kẹta: ẹ kọ ìtàn ìyọ̀ǹda náà sí iwájú ìwé, kí orúkọ àwọn bàbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ìjókòó kan láéláé láàárín àwọn alágbàtọ́. Tí ẹgbẹ́ bá tú lọ́jọ́ kan, òfin kò gbà kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pín dúkìá rẹ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ tiyín ló máa lọ sí. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ Èkó.

Àlejò: òfin gbà kí ẹ fi gbígbé ìlú ṣe ìwọ̀n jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí iye ọdún. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ìbò bíi ti onílẹ̀.

Ọ̀dọ́_Ìsẹ́yìn, gbọ́ èyí náà. Ẹgbẹ́ alágbàtọ́ kò gbọ́dọ̀ pín èrè fún àwọn ọmọ rẹ̀. Owó ilẹ̀ náà yóò gbẹ́ kànga, kò ní wọ àpò ẹnikẹ́ni. Tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ níbikíbi bá fẹ́ owó oko, ẹ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì yá nínú ilẹ̀ ìlú bí iléeṣẹ́ náà ṣe fẹ́ yá a.

Ọ̀dọ́_Ìsẹ́yìn
Ìyẹn yé mi, ẹ̀gbọ́n. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ìlú ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi ilẹ̀ lọ̀ kí wọ́n tó fi lọ iléeṣẹ́, ní iye tí agbára wọn ká. Mo fara mọ́ yíyá.

Ìyá_Gààrí
Àti àwọn opó. Ẹ kọ ìyẹn náà.

Ọmọ_Alákòókó
Ẹ ṣé, Lọ́yà. Àgbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé ẹ ó parí ọ̀rọ̀ àlejò lẹ́yìn tí ìwé bá jáde. Lẹ́yìn tí CAC bá ti fọwọ́ sí òfin ẹgbẹ́, ẹ ó tún ní láti gba àṣẹ wọn kí ẹ tó yí i padà, kò sì sí ẹni tó máa náwó torí tiwa. Kí àriwo náà tán nípàdé kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́.

Àgbẹ̀_ÒkèÒgùn
A gbọ́. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ la ó tún pàdé, ọ̀rọ̀ àlejò ni a ó sì fi ṣíde, àwọn fúnra wọn yóò wà níbẹ̀. Ìrìn ààlà di ọjọ́ kejì rẹ̀.